Okùn tí wọ́n ní yóò gùn dé òfurufú, inú bátìrì ló fìdí kalẹ̀ sí

Àwọn àgbà Ifẹ̀ máa ń sọ pé ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi rọ̀ láti òde ọ̀run wá sí ilé ayé. Ní 2012, Obayashi, ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ńlá kan ní Japan, jáde wá sọ pé àwọn náà fẹ́ ta okùn, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ lọ sókè ni tàwọn. Okùn ọ̀hún yóò gùn tó 96,000 kìlómítà, ẹ̀rọ yóò máa pọ́n ọn lọ pọ́n ọn bọ̀ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ, tó bá sì fi máa di 2050, èèyàn á lè dé òfurufú láìwọ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Irin kò lè ṣe irú okùn bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan yóò já a. Ohun tí wọ́n rí tọ́ka sí ni carbon nanotube, túùbù kábọ́ọ̀nù tó tín-ín-rín débi pé irun orí ẹyọ kan fi bí ìlọ́po 50,000 nípọn ju èyí tó kéré jù nínú wọn lọ.

Okùn yẹn kò tíì sí. Ṣùgbọ́n túùbù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é ti kúrò ní àlá. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní China àti South Korea, ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń lọ ni inú bátìrì lithium, pàápàá ti ọkọ̀ oníná. Wọ́n yìn ín nítorí agbára, wọ́n wá ń rà á nítorí iná. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà báyìí ló yẹ kí a tú wò, torí pé ẹni tó bá gbọ́ orúkọ nǹkan yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ìtàn "ó le ju irin lọ" náà ni wọ́n ṣì máa kọ́kọ́ sọ fún un.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù. Dúdú inú rẹ̀ tó ń kọ̀wé, graphite ni, kábọ́ọ̀nù sì ni graphite. Ìpele ìpele ló wà, bí ẹní tí wọ́n tò lé ara wọn lórí. Ẹní òkè máa ń yọ̀ kúrò lórí tìsàlẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ìwé. Ohun tí à ń pè ní ìkọ̀wé pẹ́ńsùlù nìyẹn. Ká ní ẹ lè yọ ẹní kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹ ká a, kí ẹ sì so etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó má lè tú mọ́, carbon nanotube lẹ ṣe yẹn. Bó bá jẹ́ ẹní kan ló ká, ológiri kan ni. Bí wọ́n bá ká òmíràn bò ó, tí wọ́n tún ká òmíràn bo ìyẹn, ológiri púpọ̀ ni. Ológiri púpọ̀ rọrùn láti ṣe, òun ló sì pọ̀ lọ́jà. Ológiri kan wọ́n gan-an ni.

Bí wọ́n ṣe ká ẹní ọ̀hún ní ìtumọ̀. Bí igun tí wọ́n fi ká a bá bọ́ sí ibi kan, túùbù náà á máa gbé iná bí irin. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó lè di semiconductor, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá sì ń ṣe ológiri kan, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ìkan tó fẹ́: nínú mẹ́ta, ọ̀kan á máa gbé iná bí irin, méjì á jẹ́ semiconductor, gbogbo wọn á pọ̀ mọ́ra nínú ìyẹ̀fun dúdú kan bí ẹ̀ẹ́rí ìdí ìkòkò.

Sumio Iijima, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ NEC ní Tsukuba ní Japan, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1991 tí ariwo fi ta. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn ọmọ Soviet méjì, Radushkevich àti Lukyanovich, ti tẹ àwòrán irú rẹ̀ jáde ní 1952, Morinobu Endo náà rí i ní ọdún 1976, ilé iṣẹ́ Hyperion Catalysis ní Amẹ́ríkà sì ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1987. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn náà ni ti Peter Paufler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden, ní Jámánì, tí wọ́n fi ásíìdì jẹ díẹ̀ lára idà Damascus kan tí wọ́n rọ ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì rí carbon nanotube nínú irin náà. Ọdún 2006 ni wọ́n kéde rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó rọ idà yẹn ò mọ nǹkan kan nípa átọ́ọ̀mù. Ewìrì àti ọmọ owú ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní ti agbára, wọn ò parọ́. Ní 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà mú túùbù ológiri púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fà á lábẹ́ maikirosíkóòpù títí tó fi já. Ohun tí wọ́n kà kó tó já wà láàárín 11 sí 63 gigapascal, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe lè gba fífà tó kó tó já. Irin tí à ń tò sínú kọnkéré nígbà tí a bá ń kọ́lé kò sábà ju ìdajì gigapascal kan lọ, túùbù yìí kò sì wúwo tó ìdá 1 nínú 3 irin. Ẹni tó bá gbọ́ èyí, kò ní ṣòro fún un láti gbà pé okùn òfurufú ti dé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. A mọ àpèjúwe ọwọ̀: ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kò ṣòroó ṣẹ́, odidi ọwọ̀ ni apá kì í ká. Ti túùbù yìí lòdì sí ìyẹn pátápátá. Ẹyọ kan ni akíkanjú, ọwọ̀ rẹ̀ ni ọ̀lẹ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kúrú púpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò gùn tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ara wọn sì ń dán. Nígbà tí wọ́n bá di okùn tí a sì fà á, kì í ṣe túùbù ló ń já, ńṣe ni wọ́n ń yọ̀ kúrò lára ara wọn, bí ọwọ̀ tí wọn ò fún okùn ìdí rẹ̀. Àwọn èèyàn Alan Windle ní Cambridge ti ń fa òwú rẹ̀ jáde tààrà láti inú iná ààrò láti 2004. Ẹgbẹ́ Matteo Pasquali ní Yunifásítì Rice, ní Houston, ń yọ́ ọ sínú ásíìdì líle kan kí wọ́n tó fà á gba ihò abẹ́rẹ́. Àwọn ará Rice yìí ló gbé òwú tó lé ní 4 gigapascal jáde ní 2021. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ carbon fibre lásán, èyí tí wọ́n ń tà láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe apá bàálù, ti wà ní 5 sí 7.

Bó bá wá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ pò ó mọ́ ike tàbí gáàmù epoxy ńkọ́, kó lè mú un le? Ẹni tó bá ti rokà rí mọ ìdáhùn. Bí o bá da èlùbọ́ sómi gbígbóná tí ọwọ́ rẹ ò yá, kókó ló máa kún inú ìkòkò, bó o sì ti wù kó o fi omorógùn lù ú tó, àwọn kan á ṣì wà níbẹ̀. Carbon nanotube fẹ́ràn ara rẹ̀ ju ohunkóhun tí wọ́n bá pò ó mọ́ lọ. Á ṣù jọ. Gbogbo ibi tó bá ti ṣu kókó nínú ike, ibẹ̀ gan-an ni ike náà á ti kọ́kọ́ là. Wọ́n gbìyànjú láti fi ìró líle gbọ̀n ọ́n ká. Ó tú ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń kán sí wẹ́wẹ́. Wọ́n fi ásíìdì fọ̀ ọ́ kí ara rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Ó dì í mú, ṣùgbọ́n ásíìdì ti dá ihò sí i lára, agbára tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á sì ti dín kù. Bí wọ́n bá sì bù ú jù, gáàmù náà á ki débi tí kò ní lè ṣàn wọ àárín carbon fibre tí wọ́n fẹ́ fi í lẹ̀ pọ̀ mọ́.

Àwọn tó ń ta ohun eré ìdárayá kò dúró de ìdáhùn. Rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì jáde, igi béèsìbọ́ọ̀lù jáde, kẹ̀kẹ́ náà jáde. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Floyd Landis gùn nígbà tó gba Tour de France ti 2006. Wọ́n gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà nítorí oògùn amáragbéra, ti kẹ̀kẹ́ kọ́. Ní Jámánì, Bayer kọ́ ilé iṣẹ́ kan sí Leverkusen ní 2010 tó lè ṣe 200 tọ́ọ̀nù túùbù lọ́dún. Ní 2013 wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ọjà kò wá bí wọ́n ṣe rò, ọ̀pọ̀ ló sì gbà nígbà náà pé ìròyìn carbon nanotube ti parí síbẹ̀.

Ohun tó yọ ọ́ ni pé ó gùn ju bó ṣe nípọn lọ. Ẹ fọ́n ẹ̀wà sílẹ̀ pálọ̀, kí ẹ wá sọ pé kí èèrà kan máa rìn lórí ẹ̀wà nìkan láti ògiri kan dé èkejì, láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Kò lè dé ibẹ̀ àyàfi tí ẹ̀wà bá kún ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ kó ẹ̀wà kúrò, kí ẹ fọ́n ẹyọ ìgbálẹ̀ síbẹ̀ wótòwótò. Ẹyọ díẹ̀ ni yóò ti dábùú ara wọn, èèrà á sì ti rọ́nà. Iná ni èèrà yẹn. Ẹ̀wà ni carbon black, dúdú tí wọ́n fi ń ṣe táyà, èyí tí wọ́n ti ń pò mọ́ ike tipẹ́tipẹ́ kó lè gbé iná. Túùbù ni ìgbálẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nígbà mìíràn tí kò tó bẹ́ẹ̀, á ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ carbon black ń ṣe. Kò sì pọn dandan kí túùbù àti ike di ara wọn mú gírígírí; kí túùbù máa fara kan túùbù ti tó.

Hyperion ti mọ èyí kó tó di pé Iijima kọ̀wé. Epo bẹntiróòlù tó ń sáré gba inú páìpù ike máa ń kó iná jọ sára páìpù náà, bí ara ṣe máa ń ta wá nígbà ọyẹ́ tí a bá bọ́ aṣọ ọlọ́ràá. Bí iná yẹn bá ta pàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo, wàhálà dé. Túùbù díẹ̀ nínú ike náà ló ń darí iná lọ sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè ni wọ́n sì ti ń fi í ṣe páìpù epo ọkọ̀. Kò sí ìwé ìròyìn tó gbé e sójú ewé àkọ́kọ́.

Bátìrì lithium ní irú ìṣòro kan náà, tirẹ̀ ló wá le jù. Apá tó jẹ́ pósítíìfù nínú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n fi ń ṣe é: nickel, manganese àti cobalt tí wọ́n sun pọ̀, tàbí iron phosphate tó dínwó jù. Lẹ́búlẹ́bú yìí ló ń tọ́jú agbára, ṣùgbọ́n kì í gbé iná dáadáa, iron phosphate ló sì burú jù nínú wọn. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ nǹkan dúdú tó ń gbé iná, kí wọ́n tó fi ra bébà alumíníọ́ọ̀mù. Gbogbo àyè tí dúdú yẹn bá gbà, àyè tí agbára ò lè gbà ni. Ẹni tó bá fi túùbù rọ́pò carbon black rí àyè gbà padà, iná tún ń yára rìn, bátìrì á sì lè tètè kún.

Ní apá nẹ́gátíìfù, graphite ni wọ́n ń lò. Silicon, èròjà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lè gba lithium tó bí ìlọ́po 10 ohun tí graphite ń gbà, ojú gbogbo oníbátìrì sì wà lára rẹ̀. Ìwà silicon ni ò dáa. Bó bá jẹ lithium yó, á wú di bí ìlọ́po 3 tàbí 4 ara rẹ̀. Bó bá pọ̀ ọ́ padà, á sún kì. Lẹ́yìn ìgbà bíi mélòó kan, ó ti fọ́, àwọn ẹ̀rún rẹ̀ ti já kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, iná ò sì rọ́nà dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ibí ni ológiri kan ti wúlò ju ológiri púpọ̀ lọ: ó gùn, ó rọ̀, ó máa ń wé mọ́ silicon bí àwọ̀n apẹja, bó wú bó sún kì, àwọ̀n ò já. Èyí tí wọ́n ń bù sí i kéré sí iyọ̀ ọbẹ̀. Mo rò pé ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń kọ nípa bátìrì olówó iyebíye tó ń jáde lọ́wọ́ yìí kì í sọ nìyẹn: silicon ni wọ́n ń pariwo, wọn kì í dárúkọ ẹni tó mú silicon dúró.

Kókó tí túùbù máa ń ṣù ńkọ́? Wọn ò jẹ́ kí oníbátìrì dá a rò mọ́. Àwọn tó ń ṣe túùbù ló ń pò ó fúnra wọn, inú omi ìyọ́hun tàbí omi lásán ni wọ́n ń tà á sí, ó ti tú ká dáadáa kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí òwò wọn ti yàtọ̀ sí ti Bayer gan-an nìyẹn. Jiangsu Cnano ní China wà nínú àwọn tó tóbi jù, wọ́n ti wà ní ọjà ìpín ìdókòwò Shanghai láti 2019. LG Chem ní South Korea ń ṣe tiwọn ní Yeosu, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Daesan. OCSiAl, tó fi Luxembourg ṣe ibùjókòó, ló gbajúmọ̀ fún ológiri kan. Novosibirsk ní Russia ni wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó ṣí ilé iṣẹ́ mìíràn ní Serbia ní 2024.

Ọ̀nà kejì tó ti ń san owó ni kí wọ́n má pò ó mọ́ nǹkan kan rárá. Wọ́n á tẹ́ ẹ bí aṣọ. Wọ́n á wọ́n átọ́ọ̀mù irin sórí àwo silicon bí ẹni gbin irúgbìn, wọ́n á fẹ́ gáàsì tó ní kábọ́ọ̀nù sí i nínú ooru tó tó 700 digírì, túùbù á hù jáde ní òró, bí igbó oparun. Ní 2002, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Shoushan Fan ní Yunifásítì Tsinghua ní Beijing fa etí igbó bẹ́ẹ̀ kan, wọ́n rí i pé túùbù kan ń fa ìkejì lọ́wọ́ jáde, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fa òwú lára ẹ̀gbọ̀n. Ní 2005, Ray Baughman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dallas fa tiwọn bí aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mítà 7 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó fúyẹ́ débi pé ojú ń rí òdìkejì. Àwọn ará Tsinghua tún fi tiwọn ṣe agbóhùnjáde ní 2008: aṣọ náà kì í mì rárá, ńṣe ló ń gbóná ó ń tutù tẹ̀lé iná orin, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì máa wú á máa sún kì, orin á jáde. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa fi í ṣe òde àríyá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí ni.

Iṣẹ́ gidi ibẹ̀ pọ̀. Ọkọ̀ Juno tí NASA rán lọ sọ́dọ̀ Júpítà ní August 2011 wọ irú aṣọ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ Nanocomp ní New Hampshire, kí iná má baà kó jọ sí ara ọkọ̀ náà. Ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Brian Wardle fi aṣọ túùbù bo ara èròjà carbon fibre, wọ́n ki iná bọ̀ ọ́, aṣọ náà gbóná, gáàmù inú èròjà náà sì gan láìwọ óòfùn. Wọ́n ní iná tó jẹ kò ju ìdá 1 nínú 100 ti óòfùn lọ; 2015 nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí bí óòfùn tí wọ́n ti ń sun ara bàálù ṣe tó, tó jẹ́ odidi ilé, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Canatu ní Finland ń fi tiwọn gbóná ojú gíláàsì tó wà níwájú kámẹ́rà ọkọ̀ kí yìnyín má bò ó.

Èyí tí mo fojú sí jù ni ti àwọn tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ ASML, ilé iṣẹ́ Netherlands tó ń ṣe ẹ̀rọ fún wọn, fi ń ya àwòrán sára silicon báyìí, 13.5 nánómítà ni gígùn ìgbì rẹ̀ (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan), gbogbo nǹkan ló sì ń gbé e mì, títí kan afẹ́fẹ́. Wọ́n nílò ìbòjú tí eruku kò ní gbà kọjá, tí ìmọ́lẹ̀ yẹn máa gbà kọjá, tí ooru rẹ̀ ò sì ní jó. Aṣọ túùbù ń jẹ́ kí èyí tó lé ní ìdá 90 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ náà kọjá. Ilé ìwádìí imec ní Belgium ló ṣe ìdánwò rẹ̀, Mitsui Chemicals ní Japan sì ti bá wọn dòwò pọ̀ lórí rẹ̀ láti 2023.

Ó wá ku eruku rẹ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Edinburgh àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi túùbù ológiri púpọ̀ tó gùn tó sì ganpa sínú ikùn èkúté, ohun tó ṣe sí awọ ikùn wọn jọ ohun tí asbestos máa ń ṣe. Asbestos kò ṣàjèjì sí wa, ọ̀pọ̀ síílìn àti òrùlé ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn àti Èkó ló ṣì wà níbẹ̀. Ìdí kan náà ni: ohun tó tín-ín-rín tó sì gùn, nígbà tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, sójà ara tó yẹ kó gbé e mì kò lè gbé e tán. Ní 2013, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, dámọ̀ràn pé kó má ju 1 màíkírógíráàmù lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́. Ní 2014, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, fi ẹ̀yà kan, MWCNT-7, sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn àwọn tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀yà yòókù, wọ́n ní ẹ̀rí ò tíì tó. Ní 2019, ẹgbẹ́ ChemSec ní Sweden kó gbogbo carbon nanotube pátá sínú ìwé àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fẹ́ kí ayé pa tì. Àwọn onímọ̀ kan bínú sí ìyẹn. Èmi náà rò pé wọ́n pa ewúrẹ́ pọ̀ mọ́ ìkookò, torí èyí tó kúrú tó ń lọ́ mọ́ra kì í ṣe bí èyí tó gùn tó ganpa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọwọ́ bà á nínú ilé iṣẹ́ kì í sábà mọ èwo ló wà níwájú òun.

Bó bá ti wọ inú ike tàbí inú bátìrì, ó ti di mọ́ ibẹ̀, ẹni tó gbé fóònù dání kò ní fà á símú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé e, tó ń fi bébà iyanrìn yún un, tàbí tó ń fọ́ bátìrì tó ti kú láti yọ bàbà àti alumíníọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Iṣẹ́ kẹta yìí ti dé àwọn àdúgbò tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ àlòkù ní Èkó. Iná àti èéfín olóró ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣe wọ́n níbi. Lẹ́búlẹ́bú dúdú tó ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá já bébà irin náà gbà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán gbọ̀n dànù, lára rẹ̀ ni túùbù náà wà.